Màmá mi ń béèrè ìyá wọn tó ti kú tipẹ́. Kí ni kí n máa sọ fún wọn?

Àbíkẹ́yìn

Ẹ kú ìtọ́jú o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń gbàgbé nǹkan nílé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe màmá mi, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Alzheimer. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Lójú ọ̀sán, nǹkan máa ń lọ dáadáa: wọ́n á bá mi ká aṣọ, wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ara wọn kì í lélẹ̀ mọ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, pé ìyá àwọn ti ń retí àwọn. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí ìyá wọn kú. Ilé tí wọ́n ní àwọn ń lọ, inú rẹ̀ la wà.

Tí mo bá ti sọ pé ìyá wọn ti kú, wọ́n á bú sẹ́kún, torí létí tiwọn, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Wọ́n á sunkún títí wọ́n á fi gbàgbé ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún, àmọ́ ojú wọn á ṣì fà ro. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á tún béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òótọ́ ni kí n máa sọ, pé ọmọ kì í parọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n sọ pé ìyá wọn ń bọ̀ lọ́la. Kò sí èyí tó ń bá wa gbé nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa ń dáhùn?

Onísùúrù

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọkọ mi lèmi ń tọ́jú, ó sì ti pẹ́ tí a ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe òkú ni màmá yín ń béèrè. Ta lèèyàn máa ń ké pè tí ẹ̀rù bá ń bà á? Ìyá rẹ̀ ni. Ibo lèèyàn máa ń fẹ́ sá lọ tí ibi tó wà bá ṣàjèjì sí i? Ilé ni. Torí náà, nígbà tí wọ́n bá ní "mò ń lọ bá ìyá mi", ẹ gbọ́ ọ bíi "ọkàn mi ò balẹ̀". Ẹ̀rù yẹn ni kí ẹ dá lóhùn.

Tí ọkọ mi bá ń béèrè bàbá wọn, mi ò ní sọ pé bàbá ti kú, mi ò sì ní sọ pé bàbá ń bọ̀. Màá jókòó tì wọ́n, màá ní, "Ọkàn yín ń fà sí bàbá lónìí, àbí? Ẹ sọ̀rọ̀ wọn fún mi. Ṣé wọ́n máa ń gbé yín kọ́rùn nígbà tí ẹ wà ní kékeré?" Ìtàn á bẹ̀rẹ̀. Kí ìtàn náà tó dé ìdajì, ara wọn á ti rọ̀. Mi ò parọ́, mi ò sì túfọ̀ fún wọn.

Òtítọ́Inú

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì rẹ̀. Bàbá mi ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà. Wọ́n máa ń mọ̀ tí a bá ń fi ọ̀rọ̀ yí wọn. Mọ̀lẹ́bí wa kan sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ wọn kan rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ náà ti kú, àwọn gan-an sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n wo ojú ẹni yẹn, wọ́n ní, "Ṣé mo ti dọmọdé lójú rẹ ni?" Látọjọ́ náà, wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, títí kan oògùn. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra, ṣé ó tún yẹ ká gba òótọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Tí wọ́n bá sì wojú ẹni tààrà, tí wọ́n béèrè pé, "Ṣé ìyá mi ti kú ni?" ńkọ́? Ìtàn sísọ kọ́ ni ìdáhùn sí ìyẹn.

Onísùúrù

Òdodo lẹ sọ. Tí wọ́n bá béèrè tààrà báyẹn, èmi náà á sọ òótọ́, gbólóhùn kan péré, pẹ̀lú ọwọ́ wọn lọ́wọ́ mi. Ẹni tó béèrè báyẹn ti fura tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ kí a bá òun gbé e ni.

Nọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà, torí ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ẹ ń tọ́jú wà.

Nínú Alzheimer, apá ọpọlọ tó ń bá wa fi ohun tuntun pamọ́, tí wọ́n ń pè ní hippocampus, wà lára ibi tí àìsàn náà kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè rántí orin tó kọ́ ní kékeré, kó má sì rántí pé òun ti jẹun ní àárọ̀. Ikú tí ẹ sọ fún màmá lánàá kò ríbi dúró sí. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ máa ń dúró. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ àti èyí tó ń dùn mọ́ni han èèyàn 17 tó ní Alzheimer. Kò pẹ́ tí ohun tí wọ́n wò fi pòórá lọ́kàn wọn, síbẹ̀ ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ náà kò tíì kúrò lára wọn. Kódà, bí èèyàn bá ṣe gbàgbé fíìmù náà tó ni ìbànújẹ́ rẹ̀ ń pẹ́ tó. Àbíkẹ́yìn, ohun tí ẹ ń rí lójú màmá yín lẹ́yìn ẹkún nìyẹn.

Nítorí náà, ní ìpele tí màmá wà, ẹni tó bá ń túfọ̀ fún wọn lójoojúmọ́, ọ̀fọ̀ tuntun ló ń kó bá wọn lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n máa rí dì mú nínú rẹ̀. "Ìyá yín ń bọ̀ lọ́la" náà kò dáa tó, torí wọ́n lè lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa retí. Bí Onísùúrù ṣe ń ṣe é ni kí ẹ ṣe. Ti bàbá Òtítọ́Inú yàtọ̀: ẹni tó ṣì lè di òótọ́ mú, òótọ́ ni kí a máa bá a sọ.

Wàhálà ìrọ̀lẹ́ yẹn wọ́pọ̀ gan-an. Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti ṣú tán. Ẹ fa kọ́tìnì, torí àwòrán ara wọn nínú gíláàsì fèrèsé lè jọ àlejò lójú wọn. Ẹ má jẹ́ kí oorun ọ̀sán gùn jù. Ẹ wò ó bóyá ebi ń pa wọ́n, bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, bóyá ibì kan ń dùn wọ́n, torí wọ́n lè má mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ mọ́. Tí wọ́n bá gbé báàgì, ẹ má dínà mọ́ wọn. Ẹ bá wọn rìn yí ilé ká. Ẹ lè ní, "Ẹ jẹ́ ká mu omi ná ká tó lọ."

Òtítọ́Inú

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì fara mọ́ irọ́ o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tí Onísùúrù ń ṣe kì í ṣe irọ́.

Ọmọ Bàbá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Bàbá mi ń pè mí ní olè. Wọ́n á fi owó sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sínú bàtà, tí wọn ò bá ti rántí ibẹ̀ mọ́, èmi ni mo gbé e. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú àlejò. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ti ń fojú burúkú wò mí, èmi tí mò ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn lóru. Ó dùn mí dé egungun.

Onísùúrù

Ó yẹ kó dùn yín. Ẹ ò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ẹni tó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n sábà máa ń fura sí. Ẹ wò ó lójú tiwọn: wọn ò rántí pé àwọn ló gbé owó náà pamọ́, owó náà ò sì sí níbi tí wọ́n rò pé ó wà. Kí ló kù tí ẹni tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀ máa rò? Ẹnì kan ló gbé e. Àìsàn náà ti jí ìrántí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wá ìdí ọ̀rọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń wá a.

Ẹ má rojọ́, ẹ má búra. Ẹ ní, "Owó tó sọnù kì í dùn mọ́ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a." Tí ẹ bá ti mọ ibi tó wà, ẹ rọra darí wọn síbẹ̀ kí àwọn fúnra wọn rí i. Tí ẹ bá lọ mú un jáde fúnra yín, wọ́n á ní ẹ ti mọ ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí owó díẹ̀ máa wà lápò wọn nígbà gbogbo. Ní ti àwọn mọ̀lẹ́bí, ẹ máa pè wọ́n kí wọ́n tó wá kí bàbá, kí ẹ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n máa gbọ́ wà lára àìsàn náà. Kí ẹ sì máa kọ owó wọn tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé.

Agbẹjọ́rò

Mo fẹ́ fi kan kún èyí. Òtítọ́Inú, ìsinsìnyí tí bàbá yín ṣì lóye ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí ni kí ẹ lọ bá lọ́yà. Ìwé tí wọ́n máa fi yan ẹni tó máa ṣojú fún wọn lórí owó àti ìtọ́jú, àti ìwé ìpíngún. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ níbi gbogbo ni pé ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí nígbà tí kò lóye rẹ̀ mọ́ lè di èyí tí ilé ẹjọ́ máa fagi lé. Kí dókítà wọn kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pé wọ́n lóye. Kí àwọn ọmọ yòókù sì mọ̀ nípa rẹ̀, ó ń dín ìjà kù lẹ́yìn ọ̀la.

Ìyàwó Ilé

Ìyá ọkọ mi kì í fẹ́ wẹ̀. Tí mo bá ti mú wọn dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n á gbá ògiri mú, wọ́n á máa pariwo bíi pé mo fẹ́ rì wọ́n sómi. Èèyàn tó mọ́ tónítóní ni wọ́n jẹ́ o, kó tó di pé èyí dé.

Nọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n lóòótọ́, kì í ṣe agídí. Ojú ṣì lè ríran dáadáa kí ọpọlọ má lè túmọ̀ ohun tó rí. Kápẹ́ẹ̀tì dúdú nílẹ̀ balùwẹ̀ lè jọ kòtò lójú wọn. Omi tó ń já bọ́ láti òkè lè dẹ́rù bà wọ́n torí wọn ò rí ibi tó ti ń bọ̀. Òtútù wà ńbẹ̀, ìtìjú náà wà ńbẹ̀: àgbàlagbà ni wọ́n, ìyàwó ọmọ wọn ló sì fẹ́ bọ́ wọn sí ìhòòhò.

Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì dúdú kúrò. Ẹ jẹ́ kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó pè wọ́n, kí aṣọ ìnura ti wà nítòsí. Ẹ fi aṣọ ìnura bò wọ́n léjìká àti nítan, kí ẹ máa wẹ apá kan lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí orí àti ojú kẹ́yìn. Ẹ fi kànìnkànìn lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n máa ṣe èyí tí wọ́n bá lè ṣe. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọjọ́ tí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n lójú, lábíyá àti nídìí, ó tó. Kò sí ẹni tí àìwẹ̀ odindi lọ́jọ́ kan pa, ṣùgbọ́n ìjà nínú balùwẹ̀ lè gbé èèyàn ṣubú.

Ọmọ Bàbá

Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan tí kì í jẹ́ kí n sùn: ṣé àwa ọmọ náà máa ní i ni?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Pé òbí ní i kò túmọ̀ sí pé ọmọ máa ní i. Ìdílé díẹ̀ wà tí àbùdá kan tí kò wọ́pọ̀ ń fà á, àwọn yẹn sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ẹni ọdún 65. Èyí tó wọ́pọ̀, tó máa ń dé lọ́jọ́ ogbó, kò rí bẹ́ẹ̀: ewu tọmọ lè fi díẹ̀ ga ju tẹlòmíràn lọ, ó parí síbẹ̀.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń mú ewu àrùn ìgbàgbé lápapọ̀ pọ̀ sí i tí a lè ṣe nǹkan sí. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, ojú tó ń ṣókùnkùn tí a kò tọ́jú, orí tí a fi gbá nǹkan, àti kéèyàn máa dá wà. Wọ́n ní tí a bá lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ó lè dènà nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó sún un síwájú. Ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Àbíkẹ́yìn

Ẹ ṣeun gidi. Mo gbìyànjú ohun tí Onísùúrù sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sọ ìtàn ìyá wọn fún mi, àwọn nǹkan tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, wọ́n sì gbàgbé báàgì sórí àga.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Láti ọjọ́ mélòó kan, màmá mi yí padà pátápátá. Wọ́n ń sùn lójú ọ̀sán, èèyàn ò lè jí wọn dáadáa. Lóru, wọ́n á máa na ọwọ́ sí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á máa bá èèyàn tí mi ò rí sọ̀rọ̀, gbólóhùn wọn ò délẹ̀. Wọn ò jẹun, wọn ò mu omi tó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àìsàn náà ló ti wọ ìpele tó kẹ́yìn, pé kí a gba kámú.

Olóògùn

Ẹ dúró. Ẹ má gba kámú. Àrùn ìgbàgbé kì í sáré báyìí. Oṣù àti ọdún ló fi ń rìn. Ohun tó bá yí èèyàn padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan mìíràn ló wọlé: àkóràn nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, àìmu omi tó, àìrí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, ìrora tí wọn ò lè sọ, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tàbí tó ga jù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú agbárí lẹ́yìn ìṣubú, tàbí oògùn. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ má dúró dọ̀la.

Ìbéèrè mi: ṣé ẹnì kan fún wọn ní oògùn tuntun? Oògùn oorun, oògùn kátá, oògùn ara yíyún, oògùn ìtọ̀? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e dání lọ.

Nọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Olóògùn ti sọ ọ́. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má kàn sọ pé "wọ́n ní àrùn ìgbàgbé", torí tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ nìkan, ẹnì kan lè rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ní, "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń rìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ká aṣọ. Èyí bẹ̀rẹ̀ lójijì." Ọ̀rọ̀ lójijì yẹn ṣe pàtàkì.

Ìyàwó Ilé

Àdúrà wa ń bẹ lẹ́yìn yín, àbúrò.

Àbíkẹ́yìn

A ti dé láti ọsibítù. Àkóràn ni wọ́n rí nínú ìtọ̀ wọn, wọ́n sì ní omi ti gbẹ lára wọn. Olóògùn, ẹ kò parọ́: mọ̀lẹ́bí kan tó wá kí wọn mú oògùn wá pé kí wọ́n lè máa rí oorun sùn. Diphenhydramine ni wọ́n kọ sí i lára. Dókítà ní ká má lò ó mọ́. Wọ́n ti ń dá mi mọ̀ báyìí, wọ́n tún ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Wọn ò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà.

Olóògùn

Ọpẹ́ ni. Ẹ ní sùúrù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oògùn yẹn torí àwọn tó ń kà wá. Ohun kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní acetylcholine tí ìrántí nílò. Nínú Alzheimer, ó ti ń tán lọ. Donepezil, rivastigmine àti galantamine, tí dókítà máa ń kọ fún àwọn tó ní i, iṣẹ́ wọn ni pé kí ìwọ̀nba tó kù má tètè tán. Wọn kì í wo àìsàn náà sàn, wọ́n lè bá àwọn kan dín in kù fún ìgbà díẹ̀. Diphenhydramine àti chlorpheniramine, tó máa ń wà nínú oògùn oorun, oògùn kátá àti ti ara yíyún, ń dènà acetylcholine yìí kan náà. Amitriptyline tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, oxybutynin tí wọ́n ń lò fún ìtọ̀ ṣáá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè máa lo donepezil láàárọ̀ kó sì máa fi oògùn kátá sọ ọ́ di asán lálẹ́. Oògùn tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà ni púpọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í fura sí wọn.

Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe, tó jẹ́ pé táíróòdù (ohun kan ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) tí kò ṣiṣẹ́ tó tàbí fítámì B12 tí kò tó ló fà á. Ẹni tí wọn ò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún méjèèjì, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àkọ́bí

Oògùn lẹ dárúkọ ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá mi máa ń rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú yàrá. Wọn kì í bẹ̀rù wọn, wọ́n tiẹ̀ máa ń ní ká fún wọn ní àga. Ẹsẹ̀ wọn ti le, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Tí wọ́n bá sùn, wọ́n á máa ta ẹsẹ̀, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tó ń jà lójú àlá. Lọ́jọ́ kan orí wọn pé, lọ́jọ́ kejì kò sí nǹkan tí wọ́n mọ̀. Ní ọsibítù kan, wọ́n fún wọn ní haloperidol, oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń rí ohun tí kò sí, torí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn. Ara wọn gan bí igi, wọn ò lè dìde fún ọjọ́ mélòó kan. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Ẹ kú ewu. Àwọn àmì tí ẹ kà yìí, tí wọ́n bá wà pa pọ̀, máa ń tọ́ka sí irú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Lewy body. Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ló máa sọ ọ́ dájú, ẹ bá a sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí. Haloperidol àti àwọn ìbátan rẹ̀ léwu púpọ̀ fún àwọn tó ní irú yìí, ó lè gbẹ̀mí. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì kan pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kó máa wà lápò bàbá àti lápò yín, kí ẹ sì fi han dókítà èyíkéyìí kí wọ́n tó fún wọn ní abẹ́rẹ́.

Kódà fún àwọn tí irú tiwọn yàtọ̀, láti ọdún 2008 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé irú oògùn yìí ń mú kí ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé. Kì í ṣe pé a kò lè lò ó láé. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, tí gbogbo ọ̀nà yòókù ti tán, dókítà lè lo ìwọ̀nba díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ sì máa béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dá a dúró.

Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò da bàbá láàmú yẹn, kò dandan kí a fi oògùn lé wọn. Ẹ gbé àga wá.

Onísùúrù

Àbíkẹ́yìn, ẹ ti sọ̀rọ̀ màmá dáadáa. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ sùn lánàá?

Àbíkẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, mi ò rántí oorun tí mo sùn tó dùn mọ́ mi. Etí mi máa ń là sí ìró ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè lórí fóònù, wọ́n ń sọ bó ṣe yẹ kí n ṣe é.

Onísùúrù

Ẹ má ní kí wọ́n "ràn yín lọ́wọ́". Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi dì í mú, "a máa gbìyànjú" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ẹ fún oníkálukú ní iṣẹ́ tó ní orúkọ àti ọjọ́. Ẹni tó jìnnà lè máa san owó ẹni tó máa wá sùn ti màmá lálẹ́, ó lè máa bá yín pe dókítà, kó máa bá yín ra pámpásì. Ẹni tó lè wá, kó wá gbé ọjọ́ bíi mélòó kan láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ẹ̀yin sì kúrò nílé. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, màmá á máa pè yín ni, ẹni tó wá náà kò sì ní mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú wọn.

Kò sí ìjà nínú ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń sọ̀rọ̀ òótọ́ yẹn fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Kò tíì rí ìrọ̀lẹ́ wọn rí ni.

Òtítọ́Inú

Mo fara mọ́ èyí pátápátá. Èmi àti àbúrò mi ni a jọ pín in, mi ò rò pé ì bá ṣeé ṣe fún ẹnì kan.

Àbíkẹ́yìn

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á dúró ti màmá, èmi á lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ sùn. Kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Ojú ìwé kan ni, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè kà á. Orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀, àti èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún wọn. Nọ́ńbà dókítà. Orin tí màmá fẹ́ràn. Bí ẹ ṣe máa ń dá màmá lóhùn ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ gbólóhùn náà gan-an sílẹ̀. Kí wọ́n máa ti iwájú tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n má ti ẹ̀yìn fọwọ́ kàn wọ́n. Kí wọ́n má máa bi wọ́n pé "ṣé ẹ mọ̀ mí?", kí wọ́n kàn sọ orúkọ wọn bí wọ́n bá ti wọlé.

Ẹ kọ ọ́ pé torí àkóràn yẹn, omi díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún wọn láti àárọ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Kí wọ́n mú wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó sùn, kí iná kékeré máa jó lọ́nà ibẹ̀ mọ́jú. Kí wọ́n mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àbájáde wà.

Onísùúrù

Kí ẹ sì fi fóònù yín sílẹ̀ ní títàn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ìṣubú, ibà, tàbí ìyípadà òjijì nìkan ni kí wọ́n torí rẹ̀ pè yín.

Àbíkẹ́yìn

Mo ti kọ ọ́. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.